Àwo Bàbà Tí Mo Fi Fọ Wàláà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ kéú mi, kí n má baà máa pariwo, nítorí èémí mi kò tó nǹkan mọ́. Mùsílíù, ìwọ tí o ti di bàbá ọlọ́mọ, tí ọwọ́ rẹ sì dára jù nínú wọn, mú gègé rẹ, kí o máa kọ ohun tí mo bá sọ sílẹ̀, má sì bá mi tún un ṣe. Bí mo bá pe ara mi ní òpùrọ́, òpùrọ́ ni kí o kọ. Hàlímọ̀tù, aya ọmọ mi, fi ìkòkò yẹn sílẹ̀, wá jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, tìrẹ ni ju ti gbogbo wọn lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún méjìlélógún. Òtítọ́ ò tilẹ̀ sáré lé e. Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé mi, ó ń dúró kí ẹsẹ̀ mi wú. Ẹsẹ̀ náà ti wú wàyí, ẹ̀yin náà ń wò ó. Gbogbo ìlú ń pè mí ní Àfáà Sàlíhù tó wo ẹja òyìnbó sàn. Lónìí, kí àláásárì tó tó, ẹ ó mọ ohun tí mo fi wò ó, ẹ ó sì mọ ẹni tí mo fi nǹkan náà pa.

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì dáyé nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Ìlọrin. Ó ti ń wọlé fún bí ọdún márùn-ún nígbà tí òyìnbó kan, ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó ojú irin, kó dé sí òdìkejì ìdíkọ̀, tó sì gbé àpótí dígí kan kalẹ̀ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Àpótí náà gùn tó ènìyàn tí a tẹ́ sílẹ̀. Omi òkun ló wà nínú rẹ̀, omi tí wọ́n ń pọn sínú àgbá ní Èkó, tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé wá bá a lóṣooṣù. Ẹja òkun ló ń sìn nínú omi náà, ẹja kéékèèké tí gbogbo wọn lápapọ̀ kò lè kún ìkòkò ọbẹ̀ kan: òmíràn pupa bí ìlẹ̀kẹ̀ lántánà, òmíràn ní ilà lára bí aṣọ òfì. Ìlú sọ ọ́ ní Òyìnbó Ẹlẹ́ja. Wọ́n ní ayé ti bàjẹ́, wọ́n ní èwo ni kí ènìyàn máa bọ́ ẹja títí kó má sì jẹ ẹ́. Ohun tó ń wá, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ fún mi lédè Gàm̀bàrí nígbà tó yá, ni bóyá nǹkan òkun lè gbé ibi tí òkun ti jìn. Ó ń ya àwòrán wọn sínú ìwé, ó sì ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn lójoojúmọ́. Mo rẹ́rìn-ín rẹ̀ nígbà yẹn. Èmi tí mo rẹ́rìn-ín rẹ̀ náà ni mo wá sọ ẹja rẹ̀ di àkàsọ̀ tí mo fi gun orí ìlú.

Danjuma ni kúùkù òyìnbó náà, ọmọ Gàm̀bàrí tó ti pẹ́ ní Ìlọrin. Ó máa ń gba hàǹtú lọ́dọ̀ mi nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ẹ̀yin tí ẹ ṣáájú mọ hàǹtú, ẹ̀yin lẹ máa ń bá mi fọ wàláà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé yìí lọ́la lè má mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun là ń fi tàdáà, yíǹkì àwa àfáà, kọ sára pátákó tí à ń pè ní wàláà, a ó fi omi ṣan án sínú igbá, aláìsàn á mu omi náà, á sì fi ìyókù pa ara. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Danjuma dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Malam,” ó ní, “wallahi, ẹja Baturẹ ń kú. Ó ní èmi ni mò ń fi ọwọ́ ọlọ́ràá kan omi. Ó ní bí wọ́n bá kú tán, kí n di ẹrù mi. Ẹ bá mi fún ẹja ní hàǹtú.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú. Mo ní, “Danjuma, ṣé o fẹ́ kí n wá máa ké kéú fún ẹja ni?” Ṣùgbọ́n ojúmìító mi kò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Mo wọ bàtà, mo tẹ̀lé e láti Pàkátà títí dé òdìkejì ojú irin.

Ohun tí mo rí nínú àpótí yẹn kò dùn ún wò. Àwọn ẹja náà ní èérún funfun lára láti ìrù títí dé ojú, bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ́n iyọ̀ lé wọn lórí. Wọ́n ń fi ara ha òkúta bí ewúrẹ́ tí ara ń yún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń ṣí, ó ń pa dé, kíá kíá, bí mo ṣe ń mí lójú yín yìí. Oúnjẹ ń bọ́ lé wọn lórí, wọn kò yà sí i. Òyìnbó náà kò lé mi. Ó na dígí kan sí mi, èyí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó ní kí n wo ìrù ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo pè ní iyọ̀ yẹn, ó ń yí! Ẹ̀dá alààyè ni, ó fi ara pamọ́ sábẹ́ awọ ẹja, ó ń jẹ ẹ́. Òyìnbó ní, “Bí kòkòrò yìí bá yó, á já bọ́ sínú iyanrìn. Ara ẹja á mọ́, wà á rò pé ó ti sàn. Nínú iyanrìn yẹn ló ti ń pín ara rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn á sì tún gòkè padà. Ìgbà tí ara ẹja bá mọ́ gan-an ni kí o bẹ̀rù.” Ó ti gbìyànjú títí. Ó ń ri àwọn ẹja náà bọ omi kànga fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè ka Fátíhà mẹ́wàá, kí omi tí kò níyọ̀ lè pa kòkòrò náà. Díẹ̀ sàn fún ọjọ́ mẹ́ta, àìsàn náà tún padà, àwọn mìíràn sì ti ọwọ́ rẹ̀ kú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn sọ́kàn. Èmi gbọ́ ọ, n kò fi sọ́kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́.

Bàbá mi ló kọ́ mi ní hàǹtú, ó sì kọ́ mi pé igbá nìkan la fi ń gbà á. “Igbá nìkan, Sàlíhù,” ó máa ń wí, “kì í ṣe irin, kì í ṣe idẹ, kì í ṣe bàbà.” N kò bi í léèrè ìdí rẹ̀ títí ó fi kú. Ọyẹ́ ọdún yẹn le, ó la igbá mi sí méjì. Danjuma ti bu omi òkun sínú ìgò wá fún mi, nítorí omi kànga á pa ẹja náà lára. Àwo bàbà kan wà nílé tí oníṣòwò ará Kánò kan fi ta mí lọ́rẹ, àwo pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ṣan ọwọ́. Mo ní kí ló burú níbẹ̀. Mo kọ wàláà, mo fi omi òkun náà fọ̀ ọ́ sínú àwo bàbà. Àlàrùbá lọjọ́ yẹn. Òyìnbó sì mú Danjuma lọ sí Jẹ̀bbà, kò padà títí ọjọ́ márùn-ún fi pé. Nígbà tí Danjuma dé, a ṣí àwo. Omi náà ti tutù yọ̀yọ̀, ó ti di àwọ̀ ewé, ìpẹtà tútù sì ti yí etí àwo ká. Mo wò ó, mo ní, “Àlùbáríkà ti wọ̀ ọ́.” Danjuma ní, “Àmín.” A lọ dà á sínú àpótí. Ní ọjọ́ kẹrin, ara gbogbo ẹja náà mọ́, wọ́n ń jẹun. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, oṣù kan kọjá, kòkòrò náà kò padà mọ́. Òyìnbó fi dígí rẹ̀ wá a títí, kò rí i. Ó bi mí pé, “Kí lo fi sí i?” Mo ní, “Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni.” Ó wò mí sùn-ùn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́ níta gbangba lójú àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin. Kí n tó fẹsẹ̀ rìn dé ilé, orúkọ mi ti kọjá odò Àsà.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun àkọ́kọ́ tí mo fi pamọ́. Kì í ṣe ẹja nìkan ló wà nínú àpótí náà. Òyìnbó sin akàn kéékèèké síbẹ̀, ó sin ìsáwùrú òkun àti edé. Ọjọ́ kejì tí a da omi mi sí i, Danjuma sá wá bá mi. “Malam, akàn kú. Ìsáwùrú kú. Edé, kò ku ẹyọ kan.” Mo bá a lọ nígbà tí òyìnbó wà níbi iṣẹ́, mo fi ọwọ́ ara mi ṣà wọ́n jáde, a sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. A sọ fún òyìnbó pé kòkòrò ẹja ló pa wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni mo dán an wò. Nígbà tí ẹja titun tún dé láti Èkó pẹ̀lú àìsàn kan náà lára, mo ní kí òyìnbó fi ẹja méjì sínú ìgò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Igbá mi tí ó là, mo ti fi okùn gán an, ó ti dì. Mo fi hàǹtú inú igbá, tí omi òkun ni mo fi fọ̀ ọ́, sínú ìgò kìíní. Sínú ìkejì, mo da omi òkun tó sùn sínú àwo bàbà, tí n kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí. Ẹja kìíní kú. Ìkejì sàn. Ṣé ẹ gbọ́? Mo ti mọ̀! Àwo ni, ìpẹtà àwo ni. Bí mo bá ti lọ bá òyìnbó lọ́jọ́ yẹn, tí mo ní “Bàbà ló ń pa kòkòrò náà, ó sì ń pa akàn pẹ̀lú, ẹ ṣọ́ra fún un,” ì bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ọgbọ́n gidi ni ì bá jẹ́, àṣeyọrí tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá máa dọ̀bálẹ̀ kí ọkùnrin tó ní àwo? Alágbẹ̀dẹ náà ní àwo. Àfáà ni mo fẹ́ jẹ́. Mo wá fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun bo ìpẹtà mọ́lẹ̀, mo sì ń gba ìkíni.

Ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wá. Wọ́n ń pè é ní omi ẹja. Ẹlẹ́sẹ̀ dídùn wá, ẹlẹ́yìnjú dídùn wá. Inú igbá ni mo ṣì ń fọ tiwọn sí, nítorí ìbẹ̀rù díẹ̀ ṣì kù lára mi. Ìgbà náà ni Àhmádù wá. Àhmádù yìí àti èmi la jọ ké kéú lábẹ́ bàbá mi. Ọ̀rẹ́ tí mo lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó ní ìyàwó méjì. Jummai ni ìyálé, obìnrin tó ga, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó bí ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Safiyat ni ìyàwó kékeré, kò tíì lò ju ọdún kan lọ nílé. Aràn ló ń da Safiyat láàmú. Ikùn rẹ̀ ń lọ́, ojú rẹ̀ ti funfun, ó ń họ erùpẹ̀ ara ògiri jẹ. Àhmádù ní, “Sàlíhù, bí o bá lè lé kòkòrò kúrò lára ẹja, mélòómélòó ni ti aràn inú ènìyàn?” Mo fún un ní ti inú igbá lẹ́ẹ̀mejì. Kò sàn. Àhmádù wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ènìyàn, ó ní, “Àbí ẹja òyìnbó lo mọ̀ ọ́n wò ju aya ọ̀rẹ́ rẹ lọ?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára. Mo padà sílé, mo sọ àwo bàbà kalẹ̀.

Díẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fún un, ìwọ̀n ìmumi kan. Safiyat bì, aràn jáde, ó tó ìkúnwọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó dìde, ó gbá ilẹ̀ ilé. Wọ́n kí mi títí. Jummai fúnra rẹ̀ wá sí Pàkátà, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, nítorí òun ló ti ń tọ́jú Safiyat, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, tó ń ro ẹ̀kọ fún un. Ó ní, “Àfáà, Ọlọ́hun á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Ẹ̀rù ti ń bà mí. Mo ní bí ọmọ yìí bá kú mọ́ wa lọ́wọ́, èmi ìyálé ni gbogbo ayé máa nawọ́ sí.” Ẹ wo bí Ọlọ́hun ṣe gba àdúrà obìnrin náà: ẹ̀mí mi gùn.

Ara Safiyat mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tí ara bá mọ́ gan-an ni kí o bẹ̀rù. Ṣé bí òyìnbó ṣe wí nìyẹn? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, inú tún bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ ọ. Àhmádù dé, ó ní, “Ṣe é kó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.” Kí n sọ pé n kò lè ṣe é? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyìn ń pa bí ọtí kì í ka iye. Mo po iyọ̀ mọ́ omi, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo fọ wàláà sínú àwo bàbà, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ keje, Danjuma bẹ̀ mí wò, ó yọjú sínú àwo, ó sì fà sẹ́yìn. “Malam, omi tó pa akàn nìyí.” Mo ní, “Danjuma, ènìyàn kì í ṣe akàn.” Ó ní, “Malam, ẹ dà á nù.” Mo ní kó máa lọ se ọbẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Bí ó ṣe lọ tán, mo fi aṣọ funfun bo àwo, mo sì gbé e lọ sílé Àhmádù pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Jummai ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, òun ló gbà á lọ́wọ́ mi wọlé. Safiyat tọ́ ọ wò, ó yí ojú pọ̀. “Àfáà,” ó ní, “ó ń ta mí lẹ́nu, ó dà bí ẹni pé mò ń lá ìṣó.” Mo dá a lóhùn pé, “Ìwòsàn kì í dùn. Mu ún tán.” Ó wò mí bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá ń kọ́ yín ní súrà titun, ó sì mu ún tán. Mo gba àwo mi, mo lọ sílé. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kọ́ ló pa á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo pa á.

Kí àìlà tó tó lọ́jọ́ náà, ó ti ń bì, èébì náà tutù bí ewé. Lọ́jọ́ kejì, mo wà láàárín ẹ̀yin tí ẹ ṣáájú nínú ọmọ kéú mi, mò ń kọ́ yín, nígbà tí igbe dé. A sin Safiyat kí oòrùn tó wọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn àdúrà, ariwo bẹ́ sílẹ̀ ní àgbàlá Àhmádù. Àwọn obìnrin ilé ti rí ẹní tí ó bì sí. Wọ́n ní ewé olóró ni, wọ́n ní ta ló ń se ọbẹ̀ fún un bí kò ṣe ìyálé rẹ̀? Jummai ní, “Omi Àfáà ló mu kẹ́yìn. Ẹ lọ bi Àfáà.” Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mí, ibi tó burú jù la dé yìí. Ẹni tó wá pè mí dúró dè mí níta. Mo wọ yàrá lọ. Àwo bàbà wà nílẹ̀, igbá tí mo gán wà lókè. Kò sí ẹni tó tì mí, Èṣù pàápàá kò ráyè sọ̀rọ̀ kí n tó ṣe é. Mo ti àwo náà bọ abẹ́ ibùsùn. Mo yára kọ wàláà, mo fi omi kànga tó mọ́ fọ̀ ọ́ sínú igbá, mo sì gbé e sọ́wọ́ jáde.

Àgbàlá ti kún. Mo dúró láàárín wọn, mo gbé igbá sókè. Mo ní, “Ẹ̀yin àgbà, omi tí mo fún Safiyat mu nìyí. Bí oró bá wà nínú rẹ̀, kó pa èmi náà.” Mo ní Bísímílà, mo gbé e mu, mo mu ún dé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, mo sì yí igbá dé. Ẹnì kan kígbe pé “Àllàhù Akbar!” Àwọn obìnrin pòṣé sí Jummai. Jummai kò sunkún. Igbá ló ń wò. Ó ní, “Àfáà, àwo pupa lẹ gbé wá. Àwo pupa ni mo gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ wo ojú mi.” N kò wo ojú rẹ̀. Ojú okùn tí mo fi gán igbá ni mò ń wò. Àhmádù yíjú sí mi, omi ti kún ojú rẹ̀. Mo rí i pé ó ń fẹ́ kí ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ jẹ́ òótọ́. Ó bi mí pẹ̀lẹ́, “Sàlíhù, ṣé àwo pupa kan wà?” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ. “Ó wà.” Mélòó ni kí ahọ́n sọ ọ́? Mo ní, “Ẹ ṣe sùúrù fún un. Ìbẹ̀rù a máa mú kí ojú ènìyàn rí ohun tí kò sí.” Àhmádù sì kọ ojú sí Jummai, ó ní, “Mo kọ̀ ọ́, mo kọ̀ ọ́, mo kọ̀ ọ́.” Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, bí ayé ṣe ń wí nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, ìka tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n gé, èmi ni mo na ọ̀bẹ fún wọn.

Hàlímọ̀tù, má bo ojú rẹ. Ìwọ ni ọmọ ọdún mẹ́fà náà. O di ìró ìyá rẹ mú, o kò fi í sílẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta ló tú ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ru ẹrù kan ṣoṣo, ó gba ọ̀nà Malete lọ, wọ́n sì ń hó lé e lẹ́yìn títí ó fi kọjá odi. Danjuma wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ó ní, “Malam, ṣé omi yẹn ni?” Mo gbé wàláà lé e lọ́wọ́, mo mú un búra pé kò ní sọ̀rọ̀. Ó búra, ó sunkún, kò sì gba hàǹtú lọ́dọ̀ mi mọ́ títí òyìnbó rẹ̀ fi kó kúrò ní Ìlọrin. Èmi kò fi hàǹtú wo ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀yin ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Àhmádù kú ní ọdún kẹfà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí. Èmi ni mo tọrọ rẹ fún Abdulganiyu ọmọ mi. Mo rò pé bí mo bá ṣe dáadáa sí ọ, á san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ mi. Kò san án. Nígbà tí àwọn obìnrin bá bá ọ jà lẹ́bàá kànga, tí wọ́n ní “Kúrò níbẹ̀, ọmọ apani,” inú yàrá ni mo wà, mo ń gbọ́, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń kà á lọ. O ń bu omi fún mi mu. Ojoojúmọ́ lo ń bu omi fún mi mu.

Mùsílíù, na ọwọ́ sí abẹ́ ibùsùn yìí, ní ìhà ògiri. Fà á jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, òun nìyẹn. Gbé e sílẹ̀ kí wọ́n rí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí Ọlọ́hun bá fi ohun kan hàn yín, ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i. Bí ó bá jẹ́ bàbà, ẹ ní bàbà ni. Ẹ má dúró kí wọ́n kọ́kọ́ yìn yín. Jummai wà láàyè. Gàní, àgbẹ̀ tó ń kó iṣu wá fún wa láti Malete, mọ ilé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo rán an pé kó sọ fún un pé Sàlíhù fẹ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ àwo. Gàní ní ẹ̀gúsí ló ń bó, kò dá ọwọ́ dúró. Ohun tó fi ránṣẹ́ padà ni pé, “Kó lọ sọ ọ́ níbi tó ti sọ èkíní.”

Ó tọ̀nà. Bí èémí mi bá di ọ̀la, ẹ fi ẹní gbé mi lọ sí àgbàlá Àhmádù láàyè, kí n sọ ọ́. Bí kò bá di ọ̀la, ẹ gbé òkú mi lọ síbẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sí ibi ìsìnkú, kí ẹ sì gbé àwo yìí kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi láìfi aṣọ bò ó. Nígbà tí lẹ́mọ́mù bá bèèrè pé ta ni òkú yìí jẹ ní gbèsè, ẹ má dákẹ́ nítorí ojú tèmi. Mùsílíù, ìwọ ni kí o dìde, kí o ka gbogbo ìwé yìí, kí o sì ní, “Ó jẹ Jummai ní orúkọ rẹ̀.” Kí wọ́n má kírun sí mi lára títí wọn ó fi gbọ́ ohun tí Jummai bá wí. Bí ó bá ní òun kò forí jì mí, ẹ má bá a jiyàn.

Hàlímọ̀tù, o ti dìde. O ti mú ìbòrí rẹ. Má tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi, lọ. Ọ̀nà Malete kò jìn jù fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú. Má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ yẹn, èmi ni yóò bẹ̀ ẹ́, ìbáà ṣe níbí, ìbáà ṣe ní Àlùkìyámọ̀. Bí o bá ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ, kí o tó jókòó, kí o tó mu omi, sọ fún un pé Sàlíhù ní àwo pupa kan wà.